Eyín Tó Ń Kan: Ẹ Yé Fi Búrọ́ọ̀ṣì Ha Á

Àsìkò àgbálùmọ̀ kì í kọjá kí ẹjọ́ eyín kíkan má pọ̀. Omi tútù kò ní ṣeé mu mọ́, gààrí Ìjẹ̀bú tí a fi omi yìnyín rẹ kò ní ṣeé fẹnu kàn, kódà afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lásán á wọ ẹnu, ìrora á sì ta onítọ̀hún dé orí. Èso jẹ̀bi díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń fọ eyín ló jẹ̀bi jù. Bí eyín bá ti ń kan, ọ̀pọ̀ èèyàn á gbà pé ìdọ̀tí ló fà á. Wọ́n á ra búrọ́ọ̀ṣì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n á po èédú mọ́ iyọ̀, wọ́n á sì máa ha á láàárọ̀ lálẹ́. Eyín tó ń kan kò dọ̀tí. Ó ti bó ni.

Èèpo funfun líle ló bo orí eyín. Abẹ́ rẹ̀ ni ara eyín tó pọ́n díẹ̀ wà, tó kún fún ihò wínníwínní tó lọ tààrà síbi iṣan. Bí èèpo bá tín-ín-rín, tàbí tí erìgì bá sún kúrò ní ẹsẹ̀ eyín, nǹkan tútù, nǹkan dídùn àti atẹ́gùn ti rí ọ̀nà wọlé nìyẹn. Èèpo tó bá ti lọ kì í hù padà. Erìgì tó bá ti sún kì í padà sípò fúnra rẹ̀.

Ẹ yẹ ara yín wò. Ẹ fi èékánná rọra gba ẹsẹ̀ eyín lọ́wọ́ iwájú, lẹ́bàá erìgì. Bí ẹ bá rí ojú ibi tó gé wọlé, tí èékánná ń kọ́ sí, híha ló sábà máa ń fà á. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fọ eyín sábà máa ń bá a ní apá òsì, torí ibẹ̀ ni agbára ọwọ́ rẹ̀ ń bọ́ sí.

Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ “soft” sára páálí rẹ̀ ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n kọ “hard” sí, ẹ fi fọ kọ́là ẹ̀wù. Ẹ fi ìka dì í mú bí ẹni di bírò mú. Ẹni tó bá fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ gbá a mú yóò tẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ dagun irun rẹ̀ sí ibi tí eyín àti erìgì ti pàdé, bí ìwọ̀n dígírì 45, kí ẹ máa rọra yí i, eyín méjì méjì. Ìṣẹ́jú 2 láàárọ̀, ìṣẹ́jú 2 kí ẹ tó sùn. Oṣù 3 ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí irun rẹ̀ bá ti fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí oṣù 3 tó pé, ọwọ́ yín ti le jù.

Orín kò burú, bí wọ́n ṣe ń lò ó ló burú. Ẹni tó bá fi orín sẹ́nu láti ilé dé oko, tó ń fà á síwá-sẹ́yìn lójú kan náà bí ẹni ń rẹ́ pákó, yóò gé ẹsẹ̀ eyín. Ẹ kọ́kọ́ rún ẹnu rẹ̀ títí yóò fi di fọ́nrán rírọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fà á láti ibi erìgì wá sí ẹnu eyín: tòkè wálẹ̀, tìsàlẹ̀ sókè. Ìṣẹ́jú 5 ti tó. Orín ata ní tirẹ̀ máa ń mú kí ẹnu kú, ẹnu tó bá sì ti kú kò ní mọ ìgbà tí a ń ha á jù. Bó ti wù kí orín dára tó, ẹ fi ọṣẹ ìfọyín kún un lálẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe jù lọ nìyí. Àgbálùmọ̀, ọsàn, ìyeyè, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, sóbò àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò máa ń mú èèpo eyín rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àsìkò tó rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n á gbé búrọ́ọ̀ṣì, pé àwọn fẹ́ fọ kíkan rẹ̀ kúrò. Èèpo eyín ni wọ́n ń fọ dànù! Ẹ fi omi lásán ṣan ẹnu, ẹ tu ú dànù, kí ẹ dúró ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 30. Wákàtí 1 ló dára jù. Àgbálùmọ̀ 6 tí a jẹ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn oúnjẹ kò ba eyín jẹ́ tó 6 tí a ń jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún aláboyún tó ń bì. Kó má fọ eyín lójú ẹsẹ̀ lẹ́yìn èébì. Kó po ṣíbí tíì 1 baking soda mọ́ omi ife 1, kó fi ṣan ẹnu, kó tu ú. Baking soda la sọ o, kì í ṣe sódà tí a fi ń se ọṣẹ.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ọṣẹ ìfọyín, ẹ ka ara páálí. Ẹ wá èyí tó ní potassium nitrate 5%, tàbí stannous fluoride, kí fluoride inú rẹ̀ wà láàárín 1350 àti 1500 ppm, kó sì ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ fún un tó ínṣì 1 sórí búrọ́ọ̀ṣì. Tí ẹ bá fọ eyín tán, ẹ tu ìfófòó dànù, ẹ má fi omi ṣan ẹnu. Ẹ tún fi ìka pa díẹ̀ sí ibi tó ń kan kí ẹ tó sùn. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ló ń gbà kó tó ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n ní kò jẹ́, owó ara wọn ni wọ́n fi ṣòfò. Kò wà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, àfi tí dókítà eyín bá ní kí ẹ lò ó. Ọṣẹ ìfọyín tí kì í ṣe ti eyín kíkan ni kí ọmọdé lò: ìwọ̀n hóró ìrẹsì 1 fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 3, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà 1 fún ọmọ ọdún 3 sí 6.

Omi bátìrì, bẹntiróòlù, áṣáà, ògógóró: ẹ má fi ìkankan nínú wọn sí eyín. Aspirin tí a tẹ̀ mọ́ erìgì yóò bó o. Omi inú ìgò kékeré tí wọ́n ń kiri pé ó ń sọ eyín di funfun lójú ẹsẹ̀, èèpo eyín ló ń jẹ. Ẹ yé fi eyín ṣí ìgò, ẹ yé fi fọ́ ekurọ́. Ẹni tó ń payínkeke lójú oorun, kó sọ fún dókítà eyín. Ó lè ṣe ohun ìfisẹ́nu tí yóò máa fi sùn.

Ìrora eyín kíkan kì í pẹ́: ó ta, ó lọ. Bó bá ń pẹ́ lẹ́yìn tí omi tútù ti kúrò lẹ́nu, bó bá ń jí yín lóru, bó bá jẹ́ eyín kan ṣoṣo ló ń dùn tí ẹ bá gé nǹkan jẹ, ó ṣeé ṣe kí eyín náà ti jẹrà tàbí kó ti sán. Ọṣẹ ìfọyín kò lè tún ìyẹn ṣe. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ara ń gbóná, tàbí tí ẹnu kò ṣeé là dáadáa, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. UCH ní Ìbàdàn, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ àti LUTH ní Ìdí-Àràbà ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín. Wọ́n lè fi fluoride tó nípọn kun ún, wọ́n lè dí ibi tó gé, wọ́n sì lè tọ́jú iṣan inú rẹ̀ láìyọ eyín. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín tí ẹ ń lò dání, kí dókítà fi ojú ara rẹ̀ rí i.