Doctor Who àtijọ́: etí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wò ó

Iṣẹ́ rédíò ni mo ṣe, n'Ìbàdàn, láyé ìgbà tí a ṣì ń fi abẹ gé téèpù tí a sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹni tó bá bi mí pé báwo lòun ṣe máa bẹ̀rẹ̀ Doctor Who, eré amóhùnmáwòrán BBC nípa Doctor, arìnrìn-àjò inú àkókò, láti ìpilẹ̀, ohun kan náà ni mo máa ń sọ: ẹ jẹ́ kí etí ṣáájú ojú. Ojú á rí i pé ògiri ń mì, pé aṣọ ni ẹ̀dá abàmì wọ̀. Etí ní tirẹ̀ á gbà gbọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní apá kìíní, tí BBC gbé jáde lọ́jọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1963, ọjọ́ kejì tí wọ́n yìnbọn pa Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà. Ẹ ki íápíìsì bọ etí, ẹ má fo orin ìbẹ̀rẹ̀. Ron Grainer ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n Delia Derbyshire ló fún un ní ohùn tí a ń gbọ́, ní Radiophonic Workshop, ẹ̀ka tí BBC fi ń ṣẹ̀dá ìró àrà ọ̀tọ̀, ní Maida Vale, Lọ́ńdọ̀nù. Ó ta okùn kan, ó gbà á sórí téèpù. Ó gba ìró ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò náà. Ó ń mú téèpù yára, ó ń mú un falẹ̀, títí ìró kọ̀ọ̀kan fi bọ́ sí ohùn tó fẹ́. Òun àti Dick Mills wá gé gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Mo mọ ohun tí ìró kan ṣoṣo ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ti odindi orin kọjá sísọ. Ó dùn mí pé ọdún 2013, lẹ́yìn tí Derbyshire ti kú, ni wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sójú amóhùnmáwòrán fún iṣẹ́ yìí nínú eré náà.

Bí TARDIS, ọkọ̀ tí Doctor fi ń rìn nínú àkókò, bá ń gbéra, ẹ dúró gbọ́ ọ dáadáa: kọ́kọ́rọ́ ilé ìyá Brian Hodgson, òṣìṣẹ́ Workshop yẹn kan náà, ni, tó fi ń họ okùn dùùrù ògbólógbòó kan. Ohùn àwọn Dalek, àwọn ọ̀tá Doctor, ẹnu ènìyàn ni, tó gba inú ring modulator kọjá, ẹ̀rọ tó ń yí ohùn padà.

Ẹ ó wá débi tí àwòrán ti tán. BBC nu ọ̀pọ̀ téèpù náà kí wọ́n lè tún un lò, wọ́n sì ba fíìmù jẹ́. Àmọ́ àwọn tó ń wò ó nílé nígbà náà ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà kò sí apá tó sọnù tí kò ní ohùn. Ẹ fi The Web of Fear, ìtàn alápá mẹ́fà ti ọdún 1968, dánra wò. Lọ́dún 2013 ni ìròyìn jáde pé Philip Morris, tó ń wá àwọn apá tó sọnù kiri, rí i, pẹ̀lú ìtàn mìíràn, The Enemy of the World, ní ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan ní Jos, ní Nàìjíríà wa níbí. Apá kẹta kò sí níbẹ̀. Ẹ wo apá kejì, ẹ gbọ́ ẹ̀kẹta pẹ̀lú fọ́tò, kí ẹ tó bọ́ sí ẹ̀kẹrin. Etí yín á ti mọ gbogbo ohùn ibẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fò wá sí ọdún 2025, The Story & the Engine. Inua Ellams, ọmọ tí wọ́n bí ní Jos, ló kọ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rígẹ̀rí l'Ékòó ló ti ṣẹlẹ̀, ìtàn tí àwọn oníbàárà tó wá gẹ irun ń fẹnu sọ ló sì ń gbé ẹ̀rọ ibẹ̀ rìn.