Tí Ẹ Bá Fẹ́ Dé sí Pensiune ní Gura Humorului

Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Iași. Nígbà tí mo lọ wò ó, a fi ọjọ́ mẹ́rin sinmi ní Gura Humorului, ìlú kékeré kan lápá àríwá Romania, nítòsí Suceava. Àwọn tí a jọ ń ta aṣọ ní ọjà Atákúnmọ́sà níbí ní Iléṣà kò yéé bi mí nípa ibi tí a sùn, pàápàá àwọn tí ọmọ tiwọn náà ń gbèrò àtilọ. Bó ṣe rí nìyí.

Pensiune ni wọ́n ń pè é. Ilé ìdílé ni, wọ́n kàn ya yàrá mélòó kan sọ́tọ̀ fún àlejò. Ní ibi tí a dé sí, ìyá ló ń dáná, bàbá ló ń la igi, ọmọ wọn ló ń gbé fóònù torí òun ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má wọ ibẹ̀ bí ẹni tó wọ òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ ti gba yàrá kí ẹ tó lọ tọrọ físà ní Àbújá, torí wọ́n máa béèrè ibi tí ẹ ó dé sí. Kí orúkọ tó wà lórí ìwé yàrá bá ti pásípọ́ọ̀tù mu. Ẹ béèrè iye owó alẹ́ kan, ẹ béèrè bóyá oúnjẹ àárọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọmọ Òṣómàáló ni mí, mo fẹ́ mọ iye tí mo máa san kí n tó gba ọjà. Lei ni wọ́n ń ná, kì í ṣe euro, ẹ mú díẹ̀ dání. Púlọ́ọ̀gì wa ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, ẹ ra adaptor.

Ẹ pè wọ́n kí wọ́n mọ aago tí ẹ máa dé. Ibi tí èmi ti ṣe àṣìṣe nìyẹn. Ọkọ̀ ojú irin pẹ́, a ò pè, ó ti kọjá aago mọ́kànlá alẹ́ ká tó dé. A bá ìyá yẹn lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìborùn bo èjìká, ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná. Ó dùn mí gan-an pé mo fi oorun du àgbàlagbà.

Ìkíni ṣe pàtàkì. Lọ́sàn-án, “Bună ziua.” Àgbà obìnrin ni wọ́n ń kí pé “Sărut mâna”, ìyẹn ni pé mo fẹnu ko ọwọ́ yín. Àwọn náà ní “ẹ” àti “ìwọ” bíi tiwa: “dumneavoastră” ni ti ọ̀wọ̀, “tu” ni ti ojúgbà àti ọmọdé. Ọmọ mi kúnlẹ̀ kí ìyá náà; ìyá fà á dìde, ó gbá a mọ́ra. Láti ọjọ́ yẹn, “fata mea”, ọmọbìnrin mi, ló ń pè é.

Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn pa pọ̀ kí atẹ́gùn máa gba àárín wọn kọjá. “Curent” ni wọ́n ń pè é, àwọn àgbà gbà pé àìsàn ló ń fà.

Ní ti oúnjẹ, mămăligă jọ tùwó àgbàdo. Kò lè rọ́pò iyán fún ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú wàràkàṣì oníyọ̀ ó dùn. Sarmale ni ẹran àti ìrẹsì tí wọ́n fi ewé kábéèjì kíkan dì. Ẹ má tú u bíi mọ́ínmọ́ín o, tewétewé ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ ata, ẹ ní “ardei iute”. Odindi ni wọ́n máa gbé e wá, ẹ ó máa gé e jẹ pẹ̀lú ọbẹ̀.

Ẹ má kúrò láìdé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà ní Voroneț, kò jìnnà síbẹ̀. Ștefan cel Mare, tó jọba Moldavia láyé àtijọ́, ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà ní 1488, wọ́n sì ya àwòrán sí ara ògiri rẹ̀ níta, aláwọ̀ aró tó mú mi rántí aṣọ ẹlú. Mo dúró níwájú ògiri yẹn títí ọmọ mi fi wá fà mí lọ́wọ́. Torí pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, gèlè àti ìró wa bá ibẹ̀ mu gan-an.

Tí ẹ bá fẹ́ ra òdòdó fún onílé, ẹ má ra méjì tàbí mẹ́rin, ti òkú nìyẹn. Ọ̀kan, mẹ́ta tàbí márùn-ún ni kí ẹ rà. Àdìrẹ ni èmi mú láti Iléṣà. Ìyá náà tẹ́ ẹ sórí tábìlì lójú wa, ó fi ọwọ́ nà án dáadáa, kó tó gbé oúnjẹ àárọ̀ ìkẹyìn kalẹ̀.