Bẹ́ ẹ ṣe lè wá tíṣà lẹ́sìnì físíìsì fún ọmọ tó ti ṣíwájú kíláàsì ẹ̀

Ẹ̀yin òbí, tọ́mọ yín bá wà láàárín ọdún 11 sí 14, tó jẹ́ pé físíìsì tí wọ́n ń kọ́ ọ nílé ìwé ò tó o mọ́, tó ń ti ilé ìwé dé tó ń béèrè ìdí tí sánmà fi ń rí búlúù àti ìdí tí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi irin ṣe ò fi rì, tẹ́ ẹ sì ti dáhùn dáhùn títí tí ìdáhùn ti tán lẹ́nu yín, ẹ jókòó, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wá tíṣà lẹ́sìnì fún ọmọ mi obìnrin, ti àkọ́kọ́ ò bọ́ sí i rárá, ìkejì ló bọ́ sí i.

Tíṣà àkọ́kọ́ yẹn, ìwé ẹ̀rí ẹ̀ pọ̀ gan-an, ó sì mọ físíìsì dáadáa, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ó máa ń tètè dé, ọmọ á jókòó tì í, wákàtí kan á lọ, inú mi á máa dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lálẹ́ ọjọ́ kan tọ́mọ ti sùn, mo ṣí nóòtù ẹ̀. Mo ṣí ojú ewé kìíní, mo ṣí ìkejì, mo ṣí i títí dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ dé, ìwé ọwọ́ tíṣà nìkan ló kún ibẹ̀. Gbogbo ìṣirò ló ti yanjú, ó fi rúlà fàlà sábẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ohun tọ́mọ mi fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ò ju déètì tó wà lókè ewé lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́ mo ní kó mú ọ̀kan níbẹ̀ kó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ó wo nóòtù, ó wò mí, omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó rò pé òun lòun ò gbọ́n. Ìyẹn dùn mí wọ akínyẹmí ara, torí ọmọ tí kì í sinmi ìbéèrè tẹ́lẹ̀ ti dákẹ́, èmi ò tiẹ̀ tètè fura.

Látìgbà yẹn, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò lára tíṣà lẹ́sìnì ni pé ta ló mú bíírò lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ tíṣà ló mú un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ẹ wá ẹlòmíì.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe ọmọ yín gan-an. Ọ̀pọ̀ ìgbà tá a bá ní físíìsì ló le, ìṣirò ló ń dá ọmọ dúró. Ẹ bi í pé ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 72 ní wákàtí kan, mítà mélòó ló ń rìn ní sẹ́kọ́ǹdì kan? Kò nílò fọ́múlà kankan, kìlómítà 72 jẹ́ mítà 72,000, wákàtí kan jẹ́ sẹ́kọ́ǹdì 3,600, ẹ pín in, 20 ló máa jẹ́. Ẹ tún kọ V = IR sílẹ̀, ìyẹn fọ́múlà iná tó so fóltéèjì (V), kọ́rẹ́ǹtì tó ń ṣàn (I) àti résísítáǹsì (R) pọ̀, kẹ́ ẹ ní kó bá yín wá R. Tó bá ṣe méjèèjì láìsí wàhálà, físíìsì gan-an ló fẹ́, ẹ máa bọ̀ níbi tá à ń lọ. Tó bá há síbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé kò mọ̀wé o, ó kàn túmọ̀ sí pé tíṣà tẹ́ ẹ máa wá gbọ́dọ̀ ní sùúrù láti fi ìṣirò àti físíìsì rìn pọ̀, kẹ́ ẹ sì ti sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún bi ọmọ náà léèrè ohun tóun fúnra ẹ̀ fẹ́. Àwọn kan fẹ́ lọ díje, àwọn kan kàn fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ ni, tíṣà tó dáa fún tibí lè má dáa fún tọ̀hún.

Ohun kan wà tó máa ń ṣẹlẹ̀ sáwọn ọmọ tó mọ̀wé bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ẹ̀. Tí tíṣà bá ti rí i pé ọmọ náà yára, yóò gbé e sáré lọ sí ìwé àwọn ọmọ ọdún 17, yóò máa kó fọ́múlà fún un, ọmọ náà á máa há a sórí, òbí á máa yangàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá yára nílò kí wọ́n wa ilẹ̀ jìn níbi tó dúró sí kí wọ́n tó gbé e lọ síwájú, torí físíìsì kékeré yẹn ò kéré rárá. Ẹ da omi sínú ife kó kún dé etí pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, kí yìnyín kan léfòó lórí ẹ̀ kó yọ díẹ̀ síta, kẹ́ ẹ wá béèrè pé tí yìnyín yẹn bá yọ́ tán, ṣé omi máa dà sílẹ̀? Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò ní dà sílẹ̀ o, torí ìwọ̀n omi tí yìnyín tì kúrò láyè nígbà tó ń léfòó bá ìwúwo ẹ̀ mu gẹ́lẹ́, tó bá sì ti yọ́, ààyè yẹn náà ló máa gbà, kò ní lé kò ní dín. Ọmọ tó bá lè ṣàlàyé ìyẹn lẹ́nu ara ẹ̀, tó tún wá béèrè pé tó bá jẹ́ omi iyọ̀ ló wà nínú ife ńkọ́, ọmọ yẹn ti ń ṣe físíìsì ju ẹni tó há fọ́múlà ogún sórí lọ.

Ó yá, níbo lẹ ti máa rí wọn? Ẹ kọ́kọ́ lọ bá tíṣà sáyẹ́ǹsì ọmọ yín nílé ìwé, bí ò bá tiẹ̀ ráyè kọ́ ọ, ó mọ ibi tọ́mọ dé, ó sì máa ń mọ àwọn tó ń kọ́ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo yunifásítì tó bá wà nítòsí, ẹ béèrè lẹ́ka físíìsì tàbí lẹ́ka tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa di tíṣà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn tàbí ẹni tó ń ṣe másítà lè dáa ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ fọ́mọ ọdún 12, torí kò tíì pẹ́ tóun náà ń ṣàṣìṣe yẹn, ó ṣì rántí ibi tí bàtà ti ta á lẹ́sẹ̀. Tó bá jẹ́ ìdíje lọmọ yín ń fojú sùn, ẹ wá ẹni tó ti kópa nínú Olympiad, ìyẹn ìdíje ìmọ̀ fáwọn ọmọ ilé ìwé, rí tàbí tó ti kọ́ àwọn tó lọ. Ti físíìsì àgbáyé bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967 ní Pólándì, àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ló sì wà fún, èyí tó bá àwọn ọmọ tiwa yìí mu ni ti sáyẹ́ǹsì àwọn ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004 ní Indonéṣíà, àwọn tí ò ju ọdún 15 lọ ló ń ṣe é, físíìsì, kẹ́mísìrì àti báyọ́lọ́jì ló sì pa pọ̀. Ónláìnì náà dáa, kò sẹ́ni tó ní kí tíṣà máa gbé ládùúgbò yín, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ó ní nǹkan tó lè máa fi yàwòrán kọ́mọ rí i, físíìsì tí ò sí àwòrán níbẹ̀ ò ṣeé ṣe.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ẹni méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má gba ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ẹ ní kí kálukú wá ṣe lẹ́sìnì kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ san owó ẹ̀ fún un, kẹ́ ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ ti lè gbọ́ wọn láì dá sí i. Mo máa ń bẹ tíṣà pé kó bi ọmọ ní ìbéèrè kan yìí: bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sókè, nígbà tó dé òkè téńté tó fẹ́ máa bọ̀, fọ́ọ̀sì wo ló wà lára ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ní kò sí, torí bọ́ọ̀lù ti dúró. Ohun tí tíṣà bá ṣe lẹ́yìn ìdáhùn yẹn lẹ̀ ń wá. Ẹnì kan sọ fọ́mọ mi pé “Rárá, òòfà ilẹ̀ ni, kọ ọ́ sílẹ̀.” Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ó ti parí ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tá a padà gbà dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ó dáa, ká gbà bẹ́ẹ̀. Tí kò bá sí fọ́ọ̀sì kankan lára ẹ̀, kí ló máa mú un padà wá sílẹ̀?” Ọmọ mi lanu, ó pa á dé, ó gba bíírò, ó ń yàwòrán, ó ń pa á rẹ́, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó pariwo pé “Ẹ̀n-ẹ́n! Òòfà ò fìgbà kan lọ, ìyára ló di òdo!” Mo wà nínú yàrá kejì, mi ò mọ̀gbà tí mo dìde.

Ẹ tún wò ó bóyá ó máa ń fi nǹkan gidi kọ́ni. Bátìrì kan, gílóòbù kékeré méjì tó jọra gẹ́lẹ́ àti wáyà díẹ̀ ti tó fún lẹ́sìnì iná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kọ́mọ so gílóòbù náà tẹ̀ léra, kó rí i pé méjèèjì mọ́lẹ̀ bákan náà, kó wá mọ̀ pé gílóòbù àkọ́kọ́ kì í jẹ kọ́rẹ́ǹtì tán kó tó kan ìkejì. Bí nǹkan wọ̀nyẹn ò bá sí, PhET wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tọ́mọ ti lè ṣe irú àdánwò bẹ́ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà ló ni ín, látọdún 2002 ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Fídíò náà máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́, bí èyí tí David Scott, ará Amẹ́ríkà tó rìnrìn àjò lọ sí òṣùpá, ti ju òòlù àti ìyẹ́ ẹyẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú òṣùpá lọ́dún 1971, tí méjèèjì jọ balẹ̀. Ẹ jẹ́ kọ́mọ kọ́kọ́ sọ èyí tó máa ṣáájú kẹ́ ẹ tó tan fídíò.

Ní ti ààbò, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ ní kí tíṣà fún yín ní nọ́ńbà òbí méjì tó ti bá kọ́ ọmọ wọn rí, kẹ́ ẹ sì pè wọ́n gan-an, ẹ má kàn gba nọ́ńbà. Pálọ̀ ni kí wọ́n ti kàwé, kì í ṣe yàrá tílẹ̀kùn ẹ̀ tì, tó bá sì jẹ́ ónláìnì, kọ́mọ jókòó síbi tẹ́nìkan nínú ilé ti lè rí ojú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ọ̀rọ̀ láàárín tíṣà àtọmọ lórí WhatsApp, inú gúrúùpù tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ ni kó ti máa wáyé. Tíṣà tó dáa ò ní bínú síyẹn.

Owó, ẹ máa san án ní lẹ́sìnì lẹ́sìnì fún oṣù àkọ́kọ́, ẹ má sanwó sáà odindi sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti jọ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tẹ́nìkan ò bá lè wá. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Asáínmẹ́ǹtì, ìbéèrè mẹ́ta tó le tọ́mọ máa rò fún ọjọ́ mélòó kan sàn ju ọgbọ̀n tó rọrùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ ṣí nóòtù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà tó máa pé mẹ́fà bíi tèmi. Ẹ wá ìwé ọwọ́ ọmọ, ẹ wá ibi tó ti kọ nǹkan tó fagi lé e tó tún un kọ, ẹ ní kó ṣàlàyé ọ̀kan. Tí kò bá lọ dáadáa, ẹ pe tíṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún un láìsí ìjà, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Tí kò bá yí padà, ẹ dúpẹ́, ẹ san gbogbo ohun tó kù fún un, kẹ́ ẹ wá pe ọmọ yín jókòó kẹ́ ẹ sọ fún un kedere pé ẹ̀bi ẹ̀ kọ́, torí èmi ò tètè sọ ọ́ fún tèmi, ó sì tó oṣù kan kó tó tún bi mí ní ìbéèrè kankan.