Bí ẹ ṣe lè gbé Kodi sórí Raspberry Pi tó ní síkírìnì kékeré tí a ń fọwọ́ tẹ̀

Kodi ni ètò tí a fi ń wo sinimá, Raspberry Pi sì jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré. Raspberry Pi 4 àti síkírìnì ínṣì méje kì í jẹ iná púpọ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ ní Ifẹ̀, ínfátà kékeré gbé e dáadáa títí sinimá á fi parí. Iṣẹ́ ọ̀hún kò le rárá. Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ ni síkírìnì tí kò bá a mu àti ṣájà tí kò kún ojú òṣùwọ̀n, nítorí náà ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ra síkírìnì ínṣì mẹ́ta ààbọ̀ tí wọ́n ń gbé lé orí pín-ìn-nì (àwọn irin ṣóńṣó) Pi tààrà. Owó rẹ̀ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n SPI, ọ̀nà tóóró tí dátà ń gbà, ló ń lò, àwòrán sinimá kò sì lè gba ibẹ̀ kọjá kó máa lọ geere. Yàtọ̀ sí èyí, ètò LCD-show tí wọ́n fi ń jí i kò ṣiṣẹ́ lórí LibreELEC, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ tó ń gbé Kodi tí a máa fi sórí Pi, torí pé LibreELEC kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ nǹkan sínú àwọn fáìlì ìpìlẹ̀ rẹ̀. Èyí tó dára ni síkírìnì ínṣì méje ti Raspberry Pi fúnra wọn, èyí tó jáde ní 2015, tó jẹ́ 800×480. Wọ́n ti ṣe Touch Display 2 ní 2024, ṣùgbọ́n òòró ni tiyẹn dúró, 720×1280, ìbú la sì fi ń wo sinimá. Fún iṣẹ́ yìí, ti àtijọ́ ló sàn.

Ẹ yọ iná kúrò pátápátá kí ẹ tó so wáyà. Wáyà pẹlẹbẹ máa wọ ihò tí wọ́n kọ DISPLAY sí lára Pi, kì í ṣe CAMERA. Ihò méjèèjì jọra, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ fi èékánná gbé ìdè ihò náà sókè díẹ̀, ẹ ti wáyà wọlé títí á fi jókòó gún régé, kí ẹ wá tẹ ìdè náà padà. Apá tí irin wáyà wà ni kó kọjú sí irin inú ihò. Bó bá kọ ẹ̀yìn síra, dúdú ni síkírìnì máa wà. Wáyà pupa síkírìnì lọ sí pín-ìn-nì 2, tó jẹ́ 5V, dúdú sì lọ sí pín-ìn-nì 6. Ibí yìí kò gba àṣìṣe o: ẹni tó bá ṣì wọ́n lò lè dáná sun Pi. Ẹ má tíì di síkúrù. Ẹ kọ́kọ́ tan án, kí ẹ wo bóyá àwòrán dorí kodò nínú àpótí tí ẹ rà. Bó bá dorí kodò, ó rọrùn láti yí àpótí ju kéèyàn máa tú fáìlì lọ.

Ní ti ṣájà, 5.1V àti 3A ni Pi 4 ń fẹ́. Ṣájà fóònù tí wọ́n ń tà káàkiri Lágere lè gbé e jí, àmọ́ tí sinimá bá bẹ̀rẹ̀ tán, á máa pa ara rẹ̀, á sì tún máa tàn. Bí iná bá lọ sílẹ̀ ju 4.63V, Pi á dín agbára ara rẹ̀ kù. Okùn USB tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń jẹ iná lójú ọ̀nà. Láti mọ̀ dájú, lẹ́yìn tí LibreELEC bá ti wà lórí rẹ̀, ẹ wọlé pẹ̀lú SSH (ọ̀nà láti fi kọ̀ǹpútà míì pàṣẹ fún Pi), kí ẹ tẹ vcgencmd get_throttled. Bó bá sọ pé 0x0, kò séwu. Bó bá sọ pé 0x50005, ẹ pààrọ̀ ṣájà.

Mẹ́mórì káàdì GB 16 tó. Ayédèrú pọ̀ níta, nítorí náà ẹ fi ètò H2testw yẹ̀ ẹ́ wò lórí láàpútọ́ọ̀pù kí ẹ tó lò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Raspberry Pi Imager, ètò tó ń kọ LibreELEC sórí káàdì, ẹ yan Pi tí ẹ ní, ẹ wọ Media player OS, ẹ mú LibreELEC. Ti Pi 4 ni kẹ́ ẹ mú o. Èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ kò ní tàn. Fáìlì yìí kò tó GB 1, ẹ lè fi dátà alẹ́ wà á. Tí Windows bá ní kí ẹ fọ́máàtì díráífù lẹ́yìn tí ó parí, ẹ tẹ Cancel. Apá kan káàdì náà ni Windows kò lè kà, kò bà jẹ́.

Ẹ fi káàdì sínú Pi, ẹ tan iná. HDMI kankan kò gbọdọ̀ wà lára rẹ̀ nígbà yìí, kí Kodi má baà gba ibẹ̀ lọ. Ó máa na ibi ìkópamọ́ rẹ̀ gbòòrò, á sì tún ara rẹ̀ tàn. Ẹ má fọwọ́ kan iná. Níbi tí ó ti ń béèrè nípa íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ so Wi-Fi mọ́ ọn. Pi 4 kò ní aago tó ń rìn nígbà tí iná bá lọ, tí kò bá sì rí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ rẹ̀ á ṣì, àwọn add-on (àfikún Kodi) á kọ̀ láti wọlé.

Estuary ni ojú tí Kodi kọ́kọ́ máa ń fi hàn, bọ́tìnnì rẹ̀ sì kéré fún ìka lórí ínṣì méje. Ẹ lọ sí Settings, Interface, Skin, kí ẹ yan Estouchy; ìka ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí kò bá fẹ́ máa na ọwọ́ lè gbé Kore, áàpù tó ń sọ fóònù di rímóòtù Kodi, sórí fóònù Android, kó sì ṣí Allow remote control via HTTP nínú Services, Control.

Síkírìnì yìí kò ní ẹ̀rọ ohùn. Ẹ lo ihò 3.5mm Pi 4 pẹ̀lú sípíkà kékeré. Tí ẹ kò bá rí Analogue lára ohun tí ẹ lè yàn nínú System, Audio, ẹ pa á, ẹ yọ káàdì, ẹ ṣí config.txt nínú apá tó ń jẹ́ LIBREELEC lórí láàpútọ́ọ̀pù, kí ẹ fi dtparam=audio=on sí ìsàlẹ̀.

Sinimá Yorùbá ní wàhálà tirẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún Kodi pé kó wá ìròyìn wọn lórí TMDb, ìkànnì àkójọ sinimá, èyí tí kò bá rí níbẹ̀ kò ní hàn nínú ilé ìkópamọ́, ẹ ó sì rò pé fúláàṣì ló bàjẹ́. Ẹ máa wò wọ́n láti Files. Bí ẹ bá fẹ́ àwòrán iwájú, ẹ fi orúkọ sinimá sọ ọ́, kí ẹ fi -poster.jpg kún un.

Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fọ́n eruku kúrò lára irin tí ń tu Pi lára. Bó bá gbóná dé 80°C, sinimá á máa dá dúró dá dúró. Tí ẹ bá fẹ́ pa á, Power off ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ẹ má fa ṣájà yọ. Fífa a yọ bẹ́ẹ̀ ló ń ba àkọsílẹ̀ sinimá tí ẹ ti tò jẹ́.