Bí a ṣe ń yan agolo ata fún béárì ní Yellowstone

Ẹni tó bá fẹ́ rin igbó Yellowstone, ní Amẹ́ríkà, agolo ata títú, tí wọ́n fi ń lé béárì (ẹranko igbó ńlá tó lè kọ lu èèyàn), ni kó kọ́kọ́ rà. Kì í ṣe kékeré tí wọ́n fi ń lé olè o. Ìyẹn kì í lọ jìnnà. Wo ara agolo: kó ní nọ́ńbà EPA (àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká), kó wọn gíráàmù 225 ó kéré tán, kó lè tú fún ìṣẹ́jú àáyá 6. Wo ọjọ́ tó máa kọjá lò: ata inú rẹ̀ ṣì lè ta, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń tì í jáde lè ti jò.

Ìgbànú tàbí àyà ni kó wà. Inú báàgì kọ́: béárì á ti dé kí o tó tú síìpù.

Bí béárì bá ń sáré bọ̀, fi àtàǹpàkò yọ ike ìdènà, kọjú ẹnu agolo sí i, kó tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kí o tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá ku mítà 9 sí 18, kó lè sáré wọnú kùrukùru ata. Má fọ́n ọn sára àgọ́ bí oògùn ẹ̀fọn; òórùn rẹ̀ lè fa béárì mọ́ra. Wọn kì í gbà á nínú bàálù, ọ̀hún ni kí o ti rà á. Má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tó gbóná, ó lè bú gbàmù.