Ẹ Dí Etí Òrùlé Kí Ẹ Tó Ti Ìlẹ̀kùn: Ìtọ́sọ́nà Fún Ilé Tí Ológbò Bá Bímọ Sí

Ẹni tó ń sin ológbò nítorí eku inú gàrí àti àgbàdo l'Abẹ́òkúta mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ páálí fún ìyá ọlọ́mọ. A ò ní tún ìyẹn sọ. Òkú ọmọ ológbò tí à ń bá nínú yàrá tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa ló bí ìwé yìí: akọ ológbò ló ń wọlé wá pa wọ́n.

Ìlẹ̀kùn títì nìkan kò dá akọ dúró. Òkè ló ń gbà. Ilé fara kan ilé ní Ìtòkú. Lórí páànù ni yóò máa rìn lóru títí yóò fi dé ibi tí òrùlé ti yà lára ògiri. Ẹ gbé àkàbà, ẹ yẹ ibẹ̀ wò lọ́sàn-án. Bí irun bá lẹ̀ mọ́ etí páànù, ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Ihò tó bá gba ìkúùkù àgbàlagbà, ó gba orí ológbò, ara á sì tẹ̀ lé e. Pákó àti ìṣó ni kí ẹ fi dí i. Fèrèsé tí gíláàsì rẹ̀ ti yọ, ẹ kan nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì 1 lọ mọ́ ọn. Àkísà tí ẹ ń rọ́ sínú ihò yẹn, ìtànjẹ ni. Èékánná ni yóò fi fà á jáde.

Bí ọmọ bá kú, ìyá á tún tètè gba akọ. Ohun tí akọ ń wá nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ 8 ni kí ibẹ̀ fi wà ní dídí. Ojú wọn ń là láàrin ọjọ́ 7 sí 14, ìgbà yẹn gan-an lẹ sì máa ń ṣílẹ̀kùn pé wọ́n ti dàgbà. Ta ló sọ fún yín? Ọmọ ọ̀sẹ̀ 2 kò lè sá. Bí ìyá bá ń ké, ẹ gbé omi fún un, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, àti bàsíà tí iyanrìn inú rẹ̀ jìn tó íǹṣì 3. Bó bá máa jáde dandan, ẹ pa ìlẹ̀kùn dé lẹ́yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí àwọn ọmọdé má sì máa gbé wọn ṣeré: ìyá tí ẹ̀rù bá bà á fẹnu gbé wọn lọ sókè àjà.

Akọ ilé yín ńkọ́? Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹran ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kí ẹ sì tún yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6. Ti aládùúgbò, ẹ bá olówó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ má fún ológbò náà ní májèlé.

Ọmọ tí akọ bá gé jẹ tó ṣì ń mí, ẹ rọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú ìgò, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ tẹ́ ọmọ náà tì í, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà.