Ihò imú tó kọ̀ tí ò jinná
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lu imú tó wá ń wú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sáré yọ òrùka ẹ̀ o, torí tí ọyún bá ti wà níbẹ̀, ihò yẹn lè pa dé kí ọyún há sínú, ìyẹn ló burú jù. Omi sàláìnì (omi iyọ̀ tó mọ́) tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ni kẹ́ ẹ máa fi nù ún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ má fi spírítì tàbí hydrogen peroxide kàn án rárá, ṣe ló ń ba ara tuntun tó ń hù jẹ́. Ẹ má máa yí òrùka yẹn kiri náà, èmi yí tèmi títí ó fi yọ kókó. Tó bá ń yún yín ṣáá, ó lè jẹ́ nickel, irú irin kan tó wà nínú òrùka yẹn, lara yín ò gbà, ẹ ní kí ẹni tó lù ú fi òrùka titanium, irin mìíràn, pààrọ̀ ẹ̀. Imú máa ń gbà tó oṣù 4 sí 6 kó tó jinná, ẹ ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n tára bá ń gbóná, tàbí tí ibi tó pọ́n lára imú yẹn ń ràn lọ sójú, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.